Ẹ̀rọ Tó Kí Baálẹ̀ Tí Kò Jẹ́ Kó Dáhùn

Ẹ fi ara balẹ̀. Ìtàn yìí kò gùn. Ó kéré tán, kò gùn tó oríkì kan tí ẹ máa bá pàdé nínú rẹ̀.

Ní ìgbà tí Côte d'Ivoire pín sí méjì, tí àwọn ọmọ ogun ọlọ́tẹ̀ di Bouaké mú, tí báǹkì tì, tí ewúrẹ́ ń sùn ní ọ́fíìsì ìjọba, ipò kan ṣoṣo ló kù ní ìlú náà tí èèyàn fi lè wú láìgbé ìbọn. Ipò náà ni ti Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìdó-Àgbọ̀n Lẹ́yìn Odi, Ẹ̀ka ti Bouaké. Àlàájì Tàjúdínì ló wà nípò náà. Ó sì wú.

Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó ń ta léèsì lọ́jà, ó ń ṣe sàráà, kò sì lu ẹnikẹ́ni rí. Àìsàn kan péré ló ń ṣe é: bó bá wọ ibì kan tí ẹnì kan kò tíì dìde, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọn ní àdúgbò Dar-es-Salam, àga mẹ́ta ni tirẹ̀. Ó ń jókòó sórí ọ̀kan, fìlà rẹ̀ ń jókòó sórí èkejì, ìkẹta sì ṣófo, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó sí tòsí fìlà. “Àlàájì” lásán kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí wọ́n bá máa pè é, kí wọ́n pè é ní Àlàájì Alàgbà Olùdásílẹ̀ Olùtọ́jú Ààrẹ Tàjúdínì. Òun kọ́ ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, àmọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀ ti kú, kò sì sí níbẹ̀ láti jiyàn.

Akíntúndé, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni kì í fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí. Bí Ààrẹ bá sín, Akíntúndé á mi orí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ló jáde. Bí Ààrẹ bá gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, Akíntúndé á kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé: “Ààrẹ dákẹ́ tọgbọ́ntọgbọ́n fún ìṣẹ́jú méjì.”

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìpè kan wọlé láti Ìdó-Àgbọ̀n, ìlú wọn kékeré tó wà lápá Ògbómọ̀ṣọ́. Ọlábọ̀dé, akọ̀wé Baálẹ̀, ló pè. Ó ní Baálẹ̀ fẹ́ fi ẹnì kan ní Bouaké jẹ oyè tuntun kan, Ohùn Ìlú. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni yóò máa sọ̀rọ̀ lórúkọ ìlú lẹ́yìn odi, òun náà ni yóò sì máa darí ẹgbẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìdìbò tán nìyẹn. Nítorí pé ogun dí ọ̀nà, tí Baálẹ̀ náà sì ti darúgbó, orí tẹlifóònù ni yóò ti fi onítọ̀hún joyè, ní Sátidé kejì nínú oṣù tó ń bọ̀.

Títí ọjọ́ ayé! Ààrẹ kò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù bà á, Ọlátúnjí, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tí òun náà fẹ́ràn oyè díẹ̀.

“Kọ ọ́ sílẹ̀,” ló wí fún Akíntúndé. “Ẹni tí Baálẹ̀ bá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti Bouaké lọ́jọ́ náà, kí aago méjìlá ọ̀sán ti Bouaké tó lù, òun ni Ohùn Ìlú. Ẹni tí Baálẹ̀ kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, kó gbàgbé.”

“Ààrẹ, òfin yìí mú bí abẹ.”

“Tẹlifóònù tèmi ni Baálẹ̀ máa pè. Níbo ni Ọlátúnjí ti fẹ́ rí ohùn?”

Wọ́n fi òfin náà ránṣẹ́ sílé. Baálẹ̀ ní ó dára, ó rọrùn, òun gbà á. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi di òfin yìí mú dáadáa. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ìṣòro kan ló kù. Tẹlifóònù wo gan-an? Ìpè Ọlábọ̀dé yẹn, abẹ́ agboòrùn ni Ààrẹ ti gbà á. Láti ìgbà tí wáyà tẹlifóònù ìlú ti kú, Sèfíyátù ló ń so Bouaké mọ́ Ìdó-Àgbọ̀n. Opó ni. Ó ní tábìlì kan, agboòrùn kan àti fóònù alágbèéká méjì, iwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ gan-an ló sì jókòó sí. Bí ẹnì kan bá bímọ ní Bouaké, Sèfíyátù ló ń pè é sílé. Bí ẹnì kan bá kú, òun náà ni, á sì bá wọn sunkún díẹ̀ lórí fóònù, kò ní ka àkókò ẹkún yẹn mọ́ ọn. Ẹlẹ́ja díndín ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ààrẹ rò ó wò: kí òun wá joyè títí ayé nínú èéfín ẹja? Ó pe kọ̀mítéè.

Kọ̀mítéè náà, òun àti Akíntúndé ni. Wọ́n ránṣẹ́ pe Nourou, àbúrò Sèfíyátù, tó ń gbé ní àdúgbò Nimbo. Bouaké ni wọ́n bí i sí, ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kí ogun tó dé, ó sì ti ń bẹ Ààrẹ láti ọdún méjì pé kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin ọjà á fi máa pe ilé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí ó dùn ún bí wọ́n ṣe ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ó mú àwòrán ẹ̀rọ mẹ́ta wá, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

“Tóńtọ̀n Présidá,” ni Nourou wí, bí ọmọ Bouaké ṣe ń pe àgbà ọkùnrin ní “Tóńtọ̀n”, “rútọ̀ là ń pe èyí. Ẹ fojú inú wo ẹni tó dúró ní ìkóríta, tó ń sọ fún olúkúlùkù ọ̀nà tó máa gbà. Èyí tí mo mú wá ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀. Ó ń gbé ohùn, ìyẹn tẹlifóònù. Ó ń gbé dátà, ìyẹn íńtánẹ́ẹ̀tì àti nǹkan kọ̀ǹpútà. Ó tún ń ṣe sekúríté, kí ẹni tí a kò mọ̀ má bàa gba ẹ̀yìn wọlé.”

“Iṣẹ́ mẹ́ta nínú ara kan,” ni Ààrẹ wí, ó sì rọra fọwọ́ pa àyà ara rẹ̀. “Ó jọ ẹnì kan tí mo mọ̀.”

“Ó jọ yín pátápátá!” ni Akíntúndé pariwo.

“Tóńtọ̀n, èèyàn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ níbí?”

Wọ́n wo ara wọn. Akọ̀wé kan ló wà. Gbálẹ̀gbálẹ̀ kan náà wà, ìyẹn ń wá ní ọjọ́ Jímọ̀.

“Ó dáa. Èyí àkọ́kọ́ yìí ń gba tẹlifóònù mẹ́rin. Èyí àárín ń gba mẹ́rìnlélógún. Èyí ńlá yìí, báǹkì ló ń lò ó, ó ń gba ogóje. Èyí kékeré ti tó yín, á sì tún ṣẹ́ kù fún àwọn ìyá ọjà.”

Akíntúndé ṣí fìlà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

“Ọmọ yìí,” ló wí, “ṣé o mọ ẹni tí ò ń pe ‘kékeré’ sí létí?”

Ààrẹ gbé ọwọ́ sókè, ó dárí ji ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè àwọn ìbéèrè tirẹ̀, tí mo kọ sílẹ̀ níbí fún àǹfààní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kílò mélòó ni èyí ńlá wọ̀n? Mẹ́rìndínlógún. Iná mélòó ló ń tàn níwájú rẹ̀? Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ṣé ó ń dún? Fáànù rẹ̀ ń hó. Ṣé èèyàn lè gbọ́ híhó náà láti ìta? Bí fèrèsé bá ṣí. Ṣé Ọlátúnjí lè gbé e dání?

“Ẹnikẹ́ni kò ní gbé e dání, Tóńtọ̀n. Inú ilé ló máa wà.”

“Mo ní ṣé ó lè gbé e?”

“Pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún yẹn? Rárá.”

“Òun la máa rà,” ni Ààrẹ wí.

Ẹ̀rọ náà gba Ouagadougou wọlé. Ní ẹnu bodè ìlú, àwọn ọmọ ogun gbẹ́sẹ̀ lé e. Ààrẹ fúnra rẹ̀ dé ibẹ̀ nínú agbádá, Akíntúndé gbé fìlà èkejì tẹ̀ lé e, Nourou gbé àpótí irinṣẹ́.

“Anago, kí ló wà nínú páálí yìí?” ni ọ̀gá wọn béèrè ní èdè Dioula. Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀.

“Ohùn, dátà àti sekúríté,” ni Ààrẹ dáhùn, ó na ọrùn.

“Sekúríté?” Ọkùnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Ta ló ní kí ẹ gbé sekúríté wọ̀lú? Àwa ni sekúríté.”

Ààrẹ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó kí ọ̀gá náà, ó kí ìyá tó bí i, ó kí ìlú Bouaké láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó, ó ṣàlàyé ipò ara rẹ̀ nínú ìtàn ọmọ aráyé. Ó gba ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ ogun kan sùn lórí ìbọn rẹ̀. Nourou tú ìdérí ẹ̀rọ náà, ó fi inú rẹ̀ hàn wọ́n: wáyà àti fáànù, kò sí ọta.

“Ṣé ó lè pe ìyá mi ní Korhogo?” ni ọ̀gá náà bi í.

“Ó lè pè é.”

“Ẹ kọjá.”

Nínú ìròyìn tí Akíntúndé kà létí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kejì, gbogbo àwọn ọmọ ogun náà ló bẹ́rí fún Ààrẹ, ọ̀kan sì sunkún.

Nourou gbé díìṣì íńtánẹ́ẹ̀tì sórí òrùlé, nítorí wáyà ìlú ti kú, wọ́n sì fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí Ọlábọ̀dé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wọ gbọ̀ngàn, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i nídìí, wọ́n gbé e sórí àga kẹta. Àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohunkóhun jókòó sí tòsí fìlà. Wọ́n wá lé Sèfíyátù kúrò níwájú gbọ̀ngàn, nítorí agboòrùn rẹ̀ kò bá ilé ìbánisọ̀rọ̀ ìgbàlódé mu. Ó gbé tábìlì rẹ̀ sọdá títì, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mẹkáníìkì. Ẹlẹ́ja tẹ̀ lé e.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, Tóńtọ̀n,” ni Nourou wí. “Ibi yẹn ló ti ń jẹun.”

“Ayé ń lọ síwájú ni,” ni Ààrẹ wí. “Ó yá, wá ṣe iṣẹ́ rẹ.”

Bí Nourou ṣe jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nìyẹn, tí Ààrẹ ń rìn lọ rìn bọ̀, tó ń pàṣẹ. Àṣẹ àkọ́kọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ilé náà kí wọ́n kàn máa wí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé tọ àgbà nìyẹn? Ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, yóò kí ẹni tó pè, yóò ki Ààrẹ, kí tẹlifóònù tó dún nínú ilé rárá. Akíntúndé ló ya ohùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ó lọ báyìí:

“Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, èyí tó bá bá yín. Ṣé dáadáa ni? Ṣé ará ilé le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ilé Ohùn Gíga ti Àlàájì Alàgbà Olùdásílẹ̀ Olùtọ́jú Ààrẹ Tàjúdínì lẹ dé yìí. Kí ẹ tó sọ tiyín, ẹ jẹ́ ká sọ tirẹ̀…”

Tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀: ìrìn rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀, bó ṣe ń wọ aṣọ, bí aṣọ ṣe máa ń dúpẹ́. Ní ìparí:

“Bí ẹ bá fẹ́ kí Ààrẹ, ẹ tẹ oókan. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ààrẹ, ẹ tẹ eéjì. Bí ẹ bá fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ààrẹ, ẹ tẹ ẹẹ́ta. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ tún inú rò, kí ẹ wá tẹ oókan.”

Nourou wo aago. “Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélógójì, Tóńtọ̀n. Ẹni tó bá ń pè láti Nàìjíríà, káàdì ìpè rẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lè tẹ nọ́ńbà kan láti fò ó.”

“Fo kí ni?” Ojú Ààrẹ pọ́n. “Ẹni tó bá tẹ nǹkan kan kó tó parí, kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Àṣẹ kejì: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pe ìta, kó kọ́kọ́ tẹ kóòdù sínú kọ̀ǹpútà. Kí ni kóòdù náà máa jẹ́? Orúkọ Ààrẹ ni, pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, bó ṣe tò. Bí èèyàn bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ̀rọ ti ara rẹ̀ pa. Nourou dábàá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ààrẹ ní wákàtí kan gbáko, kí olè náà ráyè ronú pìwà dà. Ní Ọjọ́rú, Akíntúndé rántí pé Ààrẹ tún jẹ́ Aṣíwájú, wọ́n fi kún kóòdù. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n fi Baba Ìsọ̀kan kún un. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ààrẹ rí i pé Alàgbà ti ń rìn níwájú Aṣíwájú, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un tò.

Àṣẹ kẹta jẹ́ ti ọjọ́ ayẹyẹ. Gbogbo ẹni tó bá wọ gbọ̀ngàn, kó ju fóònù rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ohùn kankan má bàa jáde ní Bouaké lọ́jọ́ náà àyàfi ti Ààrẹ. Ẹnu Ọlátúnjí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn dí, ẹ ti mọ̀. Nourou kò sí nínú ìwé àwọn tí wọ́n pè. Ó ti sọ pé “Tóńtọ̀n” nígbà mọ́kànlélógún láìsọ Alàgbà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Akíntúndé kà á.

Sátidé pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ní aago mọ́kànlá géérégé tí wọ́n dá, Ààrẹ jókòó nínú agbádá funfun, tẹlifóònù pupa kan níwájú rẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ẹ̀rọ ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà. Gbogbo ènìyàn ń wo tẹlifóònù. Tẹlifóònù ń wo gbogbo ènìyàn.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, iná aláwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níwájú ẹ̀rọ.

“Ẹ wò ó!” ni Akíntúndé ké. “Ẹ̀rọ ń ṣẹ́jú sí Ààrẹ!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Iná náà ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó kú. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ààrẹ ń mi orí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń kí. Ohun tí kò mọ̀, tí kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ilé láti sọ fún un, ni pé nígbàkigbà tí iná ewé yẹn bá ń ṣẹ́jú, ẹnì kan wà lórí ìlà.

Ẹ jẹ́ ká sáré dé Ìdó-Àgbọ̀n, ká tètè padà. Ọlábọ̀dé ra káàdì ìpè mẹ́ta. Káàdì kan ń gbé ìṣẹ́jú mẹ́rin dé Côte d'Ivoire. Ẹ rántí oríkì náà: mẹ́rin àti àáyá méjìlélógójì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò ti rẹ́rìn-ín. Káàdì kìíní parí sórí bí aṣọ ṣe ń dúpẹ́. Lórí ìkejì, Ọlábọ̀dé fi ìkánjú tẹ oókan, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ láti “Ẹ káàbọ̀ o”. Baálẹ̀ ní kó gbé fóònù fún òun, ó jọ pé Ọlábọ̀dé ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó fi káàdì kẹta gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Baálẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ẹnì kan kí i, ó sì dáhùn bó ṣe yẹ.

“Ẹ káàbọ̀ o,” ni ẹ̀rọ wí.

“Ó o, ẹ kú ilé.”

“Ṣé dáadáa ni? Ṣé ará ilé le?”

“Adúpẹ́. Ará ilé…”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Mo ní ará ilé le. Àwọn ọmọ náà…”

“Ilé Ohùn Gíga ti Àlàájì Alàgbà…”

Baálẹ̀ dúró kí ọkùnrin náà mí, kí òun lè parí ìdáhùn. Kò mí. Káàdì tán. Baálẹ̀ gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó títí.

“Ọlábọ̀dé, ó kí mi. Ó béèrè ọmọ mi. Kò jẹ́ kí n dáhùn. Mo dàgbà tó yìí, n ò rí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ rí.”

Ní Bouaké, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù. Òógùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára agbádá. Ọlátúnjí wúkọ́ lẹ́yìn, ikọ́ tó ní ìtumọ̀.

“Baálẹ̀ ti darúgbó,” ni Ààrẹ kéde, “ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé. Èmi fúnra mi ni màá pè é.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìrẹ̀lẹ̀ yìí. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ní kì í ṣe òun.

“Aṣíwájú ló ń ṣáájú, Ààrẹ,” ni Akíntúndé sọ sí i létí.

“Ṣáájú Alàgbà ni àbí ṣáájú Olùdásílẹ̀?”

“Ṣáájú… ní ọjọ́ Jímọ̀ a ní…”

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní kì í ṣe òun. Ojú fèrèsé ni Ààrẹ ti ń rí Nourou lódìkejì títì lábẹ́ agboòrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń jẹ atíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ti ibẹ̀. Kó ránṣẹ́ sí i lásán ni, ọ̀rọ̀ á yanjú. Àmọ́ kí ló máa ní kí wọ́n bi í? Pé Ààrẹ ń béèrè orúkọ ara rẹ̀? Lójú igba èèyàn? Lójú Ọlátúnjí? Ó pa ojú dé, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú ìgboyà. Ẹ̀rọ ti ara rẹ̀ pa. Wákàtí kan gbáko, kí olè náà ráyè ronú pìwà dà.

Ààrẹ dákẹ́. Akíntúndé kọ ọ́ sílẹ̀ pé tọgbọ́ntọgbọ́n ni.

Nígbà tó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù ni fóònù dún lábẹ́ agboòrùn. Ọlábọ̀dé ti yá káàdì lọ́wọ́ aládùúgbò, nọ́ńbà kan tó mọ̀ lórí ní gbogbo Bouaké ló sì pè. Sèfíyátù gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì, ó dìde, ó sáré sọdá láàárín àwọn ọ̀kadà, fóònù lọ́wọ́, Nourou lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ atíẹ́kẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà na apẹ̀rẹ̀ sí i.

“Ju fóònù síbẹ̀, ìyá.”

“Baálẹ̀ ló wà nínú ẹ̀ẹ́!”

“Baálẹ̀ náà, nínú apẹ̀rẹ̀.”

Ó yà sí ojú fèrèsé, ó fi orí wọlé. “Àlàájì! Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gba fóònù! Baálẹ̀ ni, wọ́n ní àwọn ti pè yín títí!”

Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín Ààrẹ àti fèrèsé náà. Mo lọ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n fúnra mi lẹ́yìn náà. Mẹ́fà. Ààrẹ wo Sèfíyátù, ó wo fóònù kékeré tí wọ́n fi rọ́bà dì, ó gbọ́ òórùn ẹja. Igba èèyàn ń wo òun náà. Ó sì yọ áńkáṣíìfù, ó fì í bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

“Ẹ lé obìnrin yẹn! Àlàájì lásán ló pè mí. Àti pé Baálẹ̀ kì í pe èèyàn lórí fóònù abẹ́ agboòrùn!”

Fóònù Sèfíyátù ti dàgbà, bí èèyàn kò bá ṣí ohùn rẹ̀ sí gbangba, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó ti ṣí i. Baálẹ̀ gbọ́. Àwọn tó wà lójú fèrèsé náà sì gbọ́ Baálẹ̀.

“Ta ló ń lé èèyàn yẹn?”

“Ààrẹ ni, Bàbá. Mo kúnlẹ̀ o. Èmi Sèfíyátù ni.”

“Dìde, ọmọ mi. Ṣé dáadáa ni?”

“Adúpẹ́, Bàbá. Ṣé ara le?”

“Ara le.” Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. “Ayé o! Ẹ wá wo ẹni tó kí èèyàn tó dúró gbọ́. Sèfíyátù, ṣebí ìwọ lo sọ fún mi lọ́jọ́ tí àbúrò mi kú síbẹ̀?”

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú.”

“O sunkún. Mo gbọ́ ọ. Ọlábọ̀dé, ka òfin tí wọ́n kọ ránṣẹ́ yẹn.”

Ohùn Ọlábọ̀dé jáde nínú fóònù: ẹni tí Baálẹ̀ bá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti Bouaké lọ́jọ́ náà, kí aago méjìlá ọ̀sán ti Bouaké tó lù.

“Ohùn ta ni mo ti gbọ́ láti Bouaké lónìí?”

“Ti Sèfíyátù, Bàbá. Àti ti ẹ̀rọ kan.”

“Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọ Ìdó-Àgbọ̀n. Aago mélòó ló wà níbẹ̀ yẹn?”

“Ó ku ìṣẹ́jú méje!” Ọlátúnjí ló pariwo láti àárín gbọ̀ngàn. Ó ti dìde dúró, ẹ̀yìn kò dùn ún mọ́. Oyè ti bọ́ lọ́wọ́ òun náà, àmọ́ ẹ bá mi wo ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

“Sèfíyátù ọmọ Ìdó-Àgbọ̀n, ìwọ ni Ohùn Ìlú láti òní lọ. Kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.”

“Bàbá! Èmi? Ta ló máa wá máa ṣọ́ tábìlì mi?”

Kò sí ẹni tó gbọ́ ìdáhùn, nítorí gbogbo gbọ̀ngàn ti rọ́ síta, ẹlòmíràn gba fèrèsé. Wọ́n bá a padà sọdá títì, wọ́n pagbo yí agboòrùn ká, mẹkáníìkì fun fèrè mọ́tò tó ń tún ṣe, ẹlẹ́ja sì ta gbogbo ẹja rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Akíntúndé dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Lẹ́yìn náà ló ká ìwé ìpàdé mọ́ abíyá, ó sọdá.

Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì, ẹ̀rọ ṣí ara rẹ̀. Iná méjìdínlọ́gbọ̀n tàn. Ààrẹ nìkan ló wà níbẹ̀, òun àti fìlà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹgbẹ́ fún Nourou ní àyè, ó pa gbogbo oríkì náà rẹ́. Ó tú kóòdù, ó fa wáyà sọdá títì, ó so tẹlifóònù mẹ́rin mọ́ tábìlì Sèfíyátù. Mẹ́rin náà ló ń ṣiṣẹ́ títí di òní nínú ogóje. Àwọn ìyá ọjà ń jókòó síbẹ̀, wọ́n ń bá ilé sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń béèrè ọmọ, wọ́n sì ń dúró gbọ́ èsì.

Ní ọjọ́ kan, àgbàlagbà kan ti àdúgbò Kennedy wá. Agbádá kò sí lọ́rùn rẹ̀, búbà ni. Ó tò sẹ́yìn ẹni márùn-ún. Kò sí ẹni tó dìde fún un, ó sì jọ pé orí kò fọ́ ọ. Nígbà tó kàn án, ó ní òun fẹ́ bá Baálẹ̀ sọ̀rọ̀, òun fẹ́ tọrọ àforíjì.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá,” ni Sèfíyátù wí, ó ti ń tẹ nọ́ńbà. “Ta ni kí n sọ fún wọn pé ó ń pè?”

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Èèyàn mẹ́rin ṣì ń dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Tàjúdínì,” ló wí.

“Tàjúdínì wo?”

“Tàjúdínì náà ni.”

Ìpè wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Baálẹ̀ kí i, ó dúró, ó sì dáhùn.